Ìkòkò Ilé Ni Ká Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí ò ní ká fi ará ilé náà ṣe yẹ̀yẹ́, wọn ò sì ní ká máa ka òkèlè mọ́ ọn lẹ́nu. Wọ́n ní ká sọ fún un. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í. Ara ẹnì kan nínú ilé ń wúwo sí i, kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́ kó má mí gúlegúle, wọ́n sì ti sọ fún un nílé ìwòsàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. A ó dákẹ́ lọ́dún àkọ́kọ́, a ó dákẹ́ lọ́dún kejì. Lọ́jọ́ tá a bá wá máa sọ ọ́, ojú àlejò la ó ti sọ ọ́, tàbí níbi tó ti ń bu ọbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ara sísan ò rọrùn láti sọ nílẹ̀ wa, torí ẹnu wa ò kò lórí ẹ̀. Ìyàwó tó bá sanra lẹ́yìn ìgbéyàwó, wọ́n á ní ọkọ ń tọ́jú ẹ̀. Ọkùnrin tó bá yọ ikùn, owó ti dé nìyẹn. Ẹni tó bá sì joro díẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ pàdé ládùúgbò ni "Ṣé kò sí o? Kí ló ṣe ọ́ tó o rù báyìí?" Síbẹ̀, àwa kan náà la máa ń pe ọmọ tó sanra nínú ilé ní Orobo, láti kékeré títí tóun náà fi di abiyamọ. Bẹ́ ẹ bá ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ nílé yín, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ nù. Ẹni tí wọ́n bá ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ á kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun níkọ̀kọ̀, oúnjẹ ìkọ̀kọ̀ ò sì ní òṣùwọ̀n.

Ó wá tún le jù tó bá jẹ́ àgbà ni. Ká ní ìyá yín ni, tí wọ́n ń ta aṣọ. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Búrẹ́dì àti tíì ni wọ́n fi gbé inú ró, aago méjì ọ̀sán ni wọ́n tó rí ìrẹsì rà lọ́wọ́ olóúnjẹ. Ìgbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, tí wọ́n délé láago mẹ́sàn-án alẹ́, ni oúnjẹ gidi tó dé: ẹ̀bà ńlá, ọbẹ̀ olóròóró, ẹran mẹ́ta. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sùn. Ọmọ wo ló máa dúró níwájú wọn pé "Màmá, ẹ ti sanra jù"? Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ní í yọ ọfà lápó. Orúnkún ni kẹ́ ẹ gbà wọlé, torí àwọn fúnra wọn ló máa ń dárúkọ ẹ̀ ní gbogbo àárọ̀. "Màmá, orúnkún yín yìí ń ká mi lára. Wọ́n ní tí ara bá fúyẹ́ díẹ̀, orúnkún náà á sinmi. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é, ó yẹ kémi náà ṣe é." Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀tàn. Lọ́dún 2005, àwọn olùwádìí tó ṣàyẹ̀wò àwọn àgbàlagbà tó sanra, tí oríkèé orúnkún ń dà láàmú, rí i pé kílò kan téèyàn bá dín kù lára, bíi kílò mẹ́rin ló fi ń fúyẹ́ lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó ń wá bó ṣe máa kúnlẹ̀ gbàdúrà láìdi ògiri mú á gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn ju ìhàlẹ̀ àrùn lọ.

Àmọ́ o, ọmọ bíbí inú wọn ni kó sọ ọ́. Bó bá jẹ́ ìyàwó ọmọ ló kọ́kọ́ dín òkèlè wọn kù, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo ẹbí á ti gbọ́ pé ìyàwó ń febi pa ìyá ọkọ. Ẹ má ti ọmọ ọlọ́mọ sínú ìjà yẹn.

Kí ló wá kàn? Bàtà ìsáré lọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń rà. Mi ò bá wọn wí, ṣùgbọ́n ìdérí ìkòkò lèmi máa kọ́kọ́ ṣí. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ pé "bí ìdílé tiwa ṣe rí nìyẹn, eegun wa ló tóbi," ẹ jẹ́ kó gbọ́ èyí. Lọ́dún 1997, Richard Cooper àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwọn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n wọn èèyàn níhìn-ín ní Nàìjíríà àti ní Kamẹrúùnù, wọ́n wọn wọn ní àwọn erékùṣù Karíbíà, wọ́n sì wọn wọn ní Maywood lẹ́bàá Chicago. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, 16 ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru lọ́dọ̀ tiwa, 26 ní Karíbíà, 33 ní Amẹ́ríkà. Bí ara ṣe ń wúwo sí i láti ibì kan dé ibòmíì ni iye náà ń gòkè. Orírun kan náà ni o. Nígbà tó di 2008, àwọn olùwádìí tún fi àwọn obìnrin ìgbèríko Nàìjíríà wé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Maywood, wọ́n wọn agbára tí ara wọn ń ná lójúmọ́. Àwọn ti Amẹ́ríkà wúwo ju tiwa lọ dáadáa, síbẹ̀ ohun tí wọ́n ń ná lórí ìrìn àti iṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn obìnrin tiwa. Èyí ló jẹ́ kí n máa fura sí àwo oúnjẹ kí n tó fura sí ẹsẹ̀.

Ẹ lọ dúró ti ẹni tó ń dáná nílé yín lálẹ́ kan, kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń da epo. Kò sí ṣíbí níbẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì ló gbé sókè, ó da ẹnu rẹ̀ kọ ìkòkò, epo ń dún gbòlògbòlò, ìgbà tó bá sì wù ú ló dáwọ́ dúró. Tí ẹ̀fọ́ náà bá jinná tán, epo á léfòó, á pupa fòò yí ẹran ká, wọ́n á ní ọbẹ̀ náà dáa. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan péré nínú epo yẹn tó kálórì 120, ì báà jẹ́ epo pupa, ì báà jẹ́ òróró. Ẹni tó wọn kílò 80, tó bá fi ìdajì wákàtí rìn kánmọ́kánmọ́, bíi kálórì 140 ló máa jó. Ìyẹn ni pé ṣíbí epo kan tẹ́ ẹ bá yọ kúrò nínú àwo ẹnì kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìrìn àárọ̀ kan. Ẹ fi ṣíbí sínú ilé ìdáná, kẹ́ ẹ ní epo ò gbọdọ̀ gba ibòmíì wọ ìkòkò mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n á fi ráhùn, ẹnu á mọ́ ọn lára.

Ti òkèlè ńkọ́? Àwọn èèyàn lè jiyàn di ọ̀gànjọ́ lórí pé àmàlà dáa ju iyán lọ, pé wíìtì kì í múni sanra. Ìjà asán ni, bí òkèlè bá ti tóbi tó orí ọmọdé, ohun yòówù tí wọ́n fi rò ó, ibi kan náà ló ń lọ. Bí a gúnyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó. Ẹ bu ẹ̀fọ́, ewédú tàbí ilá dé ìdajì àwo, kí òkèlè gba ìdá kan nínú mẹ́rin, kí ẹja, ẹran, ẹyin tàbí ẹ̀wà gba èyí tó kù. Mọ́ínmọ́ín dípò àkàrà, bọ̀ọ̀lì dípò dòdò. Kò sí ohun àjèjì kan níbẹ̀ téèyàn ní láti lọ rà nílé ìtajà ńlá. Bó bá sì ṣeé ṣe, ẹ gbé oúnjẹ alẹ́ lọ bá Màmá ní ṣọ́ọ̀bù láago mẹ́fà, kó má di pé ebi á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n kí wọ́n tó délé.

Ohun tó ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ ni ìkòkò méjì. Wọ́n á se ọbẹ̀ aláìlépo fún ẹnì kan bí aláìsàn, àwọn yòókù á máa fa ẹran olóròóró lójú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa fara da ìyẹn pẹ́. Ẹ se ìkòkò kan, kí gbogbo ilé jẹ ẹ́. Ọmọ tó tín-ínrín lè bu òkèlè tó pọ̀ díẹ̀ sí i, ìyẹn ò burú, àmọ́ ọbẹ̀ kan náà ni.

Ẹ tún ṣí ẹ̀rọ amómitutù wò. Ọ̀pọ̀ ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó jẹ́ 50cl ló ní ṣúgà tó súnmọ́ gíráàmù 50. Bí ẹni tó ń jẹ kálórì 2000 lójúmọ́ bá mu ìgò kan ṣoṣo, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mu gbogbo ṣúgà tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kó má kọjá. Mọ́ọ̀tì tá a máa ń gbé fún abiyamọ àti aláìsàn pé ó ń fúnni lẹ́jẹ̀, ẹ ka ẹ̀yìn ìgò tiẹ̀ náà. Ìjọba àpapọ̀ fi owó orí náírà 10 lé líta kọ̀ọ̀kan nínú òfin ìṣúná 2021, ṣùgbọ́n kí ni náírà mẹ́wàá fẹ́ ṣe lọ́jọ́ òní? Ohun tó rọrùn jù ni kó má sí nílé. Omi tútù nìkan ni kó wà níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ ló wá kàn. Ìrìn ń ran ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́, ó ń mú ṣúgà ara wálẹ̀, òun ló sì máa ń jẹ́ kí kílò tó ti lọ má padà wá. WHO ní ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ìyẹn ìdajì wákàtí lọ́jọ́ márùn-ún. Ẹ má fi ìyẹn lọ̀ wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn àdúrà àfẹ̀mọ́júmọ́, kí ọlọ́kadà tó kún títì, Màmá á wọ kánfáàsì, wọ́n á ró ìró wọn, ẹ̀yin méjèèjì á jáde. Ẹ má rìn ṣáájú wọn. Tí wọ́n bá lè bá yín sọ̀rọ̀ lọ́nà ṣùgbọ́n tí wọn ò lè kọrin, ìrìn náà tó bó ṣe yẹ. Ẹnì kan á dá yín dúró: "Ìyá Aláṣọ, ṣé kò sí? Níbo lẹ ń lọ láàárọ̀ kùtù?" Àwọn ìkíni wọ̀nyí lè jẹ ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ogún, ẹ má bínú sí i, ẹni tó ń kí wọn lónìí lè bá wọn rìn lọ́la. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, ẹ tan orin Sunny Adé sílẹ̀ ní pálọ̀. Ijó náà wà lára ẹ̀. Kí wọ́n sì máa dìde lórí àga, kí wọ́n jókòó padà, ìgbà mẹ́wàá, láìfọwọ́ ti nǹkan bó bá ṣeé ṣe, torí iṣan itan ló ń gbé orúnkún ró.

Kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú wọn lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà wò. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, pàápàá ìnsúlínì, ò gbọdọ̀ ṣàdédé dín oúnjẹ kù kí dókítà má mọ̀, torí ṣúgà ẹ̀ lè já wálẹ̀ kó sì dákú. Ẹni tí àyà ń dùn tó bá ń rìn, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn. Àwọn oògùn kan sì wà tó ń múni sanra, abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí kan wà bẹ́ẹ̀; ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó dá oúnjẹ lẹ́bi. Ní ti tíì tí wọ́n ń polówó lórí WhatsApp pé ó ń fọ ikùn, ewé séńnà ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Inú ló ń ṣí, omi ara ló ń lọ, ọ̀rá jókòó síbẹ̀ gbọin.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ti dáa. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2002, tí àwọn èèyàn tó lé ní 3000 tí àtọ̀gbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kópa nínú ẹ̀, àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dín ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo wọn kù, kí wọ́n sì máa rin ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, dín ewu àtọ̀gbẹ kù ní ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ẹni tó wọn kílò 90, kò ju kílò mẹ́fà àti díẹ̀ lọ. Kò pọn dandan kó padà di wúndíá. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kẹ́ ẹ gun òṣùwọ̀n, torí omi ara lè mú kó gòkè láti àná sí òní láìnídìí. Ẹ fi téépù télọ̀ wọn àyíká ikùn náà; obìnrin tó bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 88, ọkùnrin tó kọjá 102, ewu ti wà níbẹ̀.

Ọ̀wàǹbẹ̀ á sì dé. Ẹ má lọ jókòó ti Màmá níbi ayẹyẹ kẹ́ ẹ máa fojú sọ ìrẹsì wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ̀wà díẹ̀ nílé kí wọ́n tó lọ, kẹ́ ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n ná owó, kí wọ́n jó. Bí kílò kan bá padà wá lẹ́yìn Iléyá tàbí Kérésì, ẹ má sọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ kàn kan ilẹ̀kùn wọn bẹ́ ẹ ṣe máa ń kàn án, kẹ́ ẹ béèrè kánfáàsì.

Lọ́jọ́ tó bá wá hàn lára wọn, àwọn ẹbí á dé láti ìlú, wọ́n á wo aṣọ tó ti fẹ̀ lára ìyá, wọ́n á yíjú sí ẹ̀yin ọmọ: "Ẹ ò tọ́jú ìyá yín ni?" Ẹ má jẹ́ kí Màmá dá wọn lóhùn, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dáhùn. Ẹ mú káàdì ilé ìwòsàn jáde, kẹ́ ẹ fi bí ẹ̀jẹ̀ ríru náà ṣe wálẹ̀ hàn wọ́n. Kẹ́ ẹ wá gbé oúnjẹ fún àlejò látinú ìkòkò kan náà. Tó bá ní òkèlè yìí mà kéré o, ẹ bu ẹ̀fọ́ kún un fún un.