Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Okùn Híhun Lórí Ẹ̀rọ Ìpẹja

Ní Ìyànà Ìpájà, níbi tí ọ̀nà Ìpájà ti yà kúrò lára ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, mọ́tò ni à ń rí, a kì í rí ọ̀sà. Síbẹ̀ àwọn kan wà láàrin wa tó fẹ́ràn ẹja pípa. Bí ọjọ́ ìsinmi bá dé, wọn a wọ mọ́tò lọ sí etí ọ̀sà ní Ìkòròdú, tàbí kí wọ́n lọ sí Ẹ̀pẹ́ tàbí Àgbádárìgì. Ẹ̀kọ́ òní wà fún irú wọn. Ó wà fún gbogbo wa pẹ̀lú, nítorí pé ohun èlò tí a kò bá mọ ìlò rẹ̀ lè ṣe wá léṣe.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n wa

Fọkanáísà ni ẹ̀gbọ́n wa kan nínú kíláàsì yìí. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní òkè òkun fi ọ̀pá ìpẹja kan ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ọ̀pá náà. Ó ní ìdérí roboto bí ife, okùn sì ń gba ihò kan jáde níwájú rẹ̀. Bọ́tìnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí à ń fi àtàǹpàkò tẹ̀. A ó máa pè é ní ẹ̀rọ ìkákùn.

Okùn tó bá ẹ̀rọ náà wá ti gbó. Ẹ̀gbọ́n tú u dànù. Ó ra okùn híhun tuntun, ó so ó mọ́ inú ẹ̀rọ, ó ká a kún. Ó dé etí ọ̀sà, ẹja ńlá kan gbé ìwọ̀. Ẹ̀gbọ́n ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ, ó ń yí i, okùn kò wọlé. Ló bá di okùn náà mú, ó wé e mọ́ ìka. Ẹja fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, okùn sì gé ìka rẹ̀ bí abẹ. Ẹja lọ, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Wọ́n rán ìka náà ní ilé ìwòsàn. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi lè lẹ táyà, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ kò lè rówó ọbẹ̀.

Nígbà tó padà wá sí kíláàsì, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yẹn ti bàjẹ́ ni. Ẹ tà á jàre." Ẹ̀gbọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jọ ṣí ẹ̀rọ náà wò, nǹkan kan kò ṣe é. Ọ̀nà tí a gbà fi okùn sí i ni kò dára.

Oríṣi okùn méjì

Okùn àkọ́kọ́ ni okùn onífọ́nrán kan. Náílọ́ọ̀nù ni a fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Wallace Carothers àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣe náílọ́ọ̀nù ní 1935. Bí a bá fa okùn yìí, ó máa ń nà díẹ̀. Bí a bá ká a mọ́ nǹkan, ó máa ń di í mú.

Okùn kejì ni okùn híhun. Ẹ wo bí onídìrí ṣe ń mú ẹsẹ̀ irun mẹ́ta, tó ń hun ún pọ̀ di ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń hun fọ́nrán kéékèèké pọ̀ di okùn yìí. Ohun tí a fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ lónìí jẹ́ ìran kan náà pẹ̀lú ọ̀rá tí omi píọ̀ wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí a gbà fà á di fọ́nrán ló mú un le tó bẹ́ẹ̀. Ó tín-ín-rín, ó lágbára, kì í sì í nà. Bí ẹja bá fọwọ́ kan ìdẹ, ẹni tó di ọ̀pá mú yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó tún dára níbi tí ewé bá pọ̀ lójú omi, bíi ti ewé tí ń léfòó tó wọ odò Àgbádárìgì ní 1984, nítorí pé ó lè gé ewé kọjá. Ṣùgbọ́n ó ń yọ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ibi tí ẹ̀rọ yìí ti wá

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ R. D. Hull, ará Texas ní Amẹ́ríkà, tó máa ń tún aago ṣe, ló ronú kan irú ẹ̀rọ yìí. Wọ́n ní ó rí ẹni tó ń fa okùn ìdìrù jáde láti ara àgbá okùn kan nínú ṣọ́ọ̀bù. Àgbá náà kò yí rárá, síbẹ̀ okùn ń jáde geerege. Ní 1947 ó gbé èrò rẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Tulsa tó ń ṣe àdó fún àwọn tí ń wa kànga epo. Ní 1949 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ náà fún títà. Zebco ni orúkọ ilé-iṣẹ́ náà títí di òní.

Ìdí tí okùn kò fi wọlé

Àgbá kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ. Nígbà tí a bá ń ká okùn, àgbá yìí kì í yí. Ìṣó kékeré kan ló ń yí i ká, tó ń wé okùn mọ́ ọn lára. Nígbà tí ẹja bá fà gan-an nìkan ni àgbá máa ń yí láti tú okùn sílẹ̀. Ìjánu ẹ̀rọ ló ń ṣe èyí.

Ní ti ẹ̀gbọ́n wa, okùn híhun kò di àgbá mú. Gbogbo okùn náà ló ń yí lórí àgbá, bí òrùka tó tóbi ju ìka lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ lásán.

Bí a ṣe lè fi okùn híhun sí i

1. Ẹ ṣí ìdérí. Ẹ wo ìṣó kékeré náà. Bí okùn bá ti fá a lára, tàbí bó bá jẹ́ ike rírọ̀, ẹ má fi okùn híhun sí i. Okùn híhun yóò gé e wọnú.

2. Ẹ yan okùn tó nípọn tó. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé okùn onífọ́nrán kan ti pọ́ùn 10 ni kí a lò, ẹ wá okùn híhun tí nípọn rẹ̀ bá a dọ́gba. Ó sábà máa ń jẹ́ ti pọ́ùn 40. Lára ọ̀pọ̀ páálí ẹ ó rí nọ́ńbà méjèèjì: 40 ni agbára rẹ̀, 10 ni nípọn rẹ̀. Èyí tó bá tín-ín-rín jù yóò há sáàrin àgbá àti ìdérí. Ṣé ẹ rí i pé mímọ̀wékà wúlò lọ́jà?

3. Ẹ fi téèpù dúdú tí àwọn oníná ń lò wé àgbá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Téèpù yìí ni okùn yóò fi ẹsẹ̀ tì.

4. Ẹ kọ́kọ́ ki ẹnu okùn bọ ihò iwájú ìdérí wá sí ẹ̀yìn. Ẹni tó bá gbàgbé èyí yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ so ó mọ́ àgbá dáadáa.

5. Ẹ dé ìdérí padà. Ẹ fi àkísà tútù di okùn mú bí ẹ ti ń ká a, kó lè le. Okùn tí a ká ní rírọ̀ yóò rì sínú ara rẹ̀.

6. Ẹ má ká a kún dé etí. Ẹ ṣẹ́ àyè mìlímítà 3 kù.

7. Ẹ tú ìjánu díẹ̀. Ẹ so okùn mọ́ ìwọ̀n alásokọ́, kí ẹ sì fà á. Ìjánu gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jọ̀wọ́ okùn nígbà tí ìwọ̀n bá fi nǹkan bíi kílò kan hàn. Okùn lágbára ju ẹ̀rọ lọ. Bí ìjánu bá le jù, ẹ̀rọ tàbí ọ̀pá ni yóò ṣẹ́.

Bí a ṣe ń so ìwọ̀

Ẹ ṣẹ́ ẹnu okùn po kó di méjì, ẹ ki i bọ ihò ìwọ̀. Ẹ fi okùn méjèèjì ta kókó kan, ẹ má tíì fún un. Ìwọ̀ yóò máa rọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ mú ojóbó tó wà lẹ́nu okùn, ẹ gbé e gba orí ìwọ̀ kọjá. Ẹ fi omi rẹ ẹ́, kí ẹ tó wá fún un. Bí a bá fún un ní gbígbẹ, yóò gbóná, agbára rẹ̀ yóò sì dín kù.

Ẹ ṣọ́ ọwọ́ yín

Ẹ má ṣe wé okùn híhun mọ́ ọwọ́ láéláé. Bí ìwọ̀ bá há mọ́ igi lábẹ́ omi, ẹ wé okùn mọ́ igi kan, igi náà ni kí ẹ fi fà á. Àwọn àgbà sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja.

Ẹ má sì ju àjákù okùn sómi. Kì í tètè jẹrà. Ó ń dè ẹyẹ àti ìjàpá òkun, ó sì ń wé mọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi àwọn apẹja. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ gbé e padà sílé.

Ìka ẹ̀gbọ́n wa ti jiná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ti wé téèpù mọ́ àgbá, ó ti tún okùn kanáà ká. Kò ta ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí okùn ẹ̀gbọ́n kò fi wọlé?
2. Kí ni iṣẹ́ téèpù lára àgbá?
3. Bí a bá rí 30 àti 8 lára páálí okùn híhun, èwo ni agbára, èwo sì ni nípọn?
4. Kí ni kí a fi fa okùn tó bá há?