Ìràwọ̀ Òkun àti Àwọn Aládùúgbò Rẹ̀

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ bí ẹ̀dá ti ń jẹ ẹ̀dá, a sábà máa ń fa ilà gbọọrọ kan sí ojú pátákó: koríko ní ìsàlẹ̀, ẹran tí í jẹ koríko lé e, apẹran sì wà lókè bí ọba. Èmi náà ti fa irú ilà bẹ́ẹ̀ rí, ó sì dùn mọ́ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n kò pé. Ní etí òkun, àwọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe okùn kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a wo Mukkaw Bay, ní ìpínlẹ̀ Washington ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, létí òkun Pàsífíìkì. Nígbà tí òkun bá fà níbẹ̀, àpáta a yọ, àwọn ará orí rẹ̀ a sì hàn. Koríko òkun wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìgbín òkun tí ń họ ọ́ jẹ. Barnacle wà níbẹ̀, ẹ̀dá kékeré tí í kọ́ ilé funfun bí ẹfun mọ́ àpáta, tí kì í sì í kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Mussel náà wà, oníkarahun méjì tí í pa dé bí àpótí. Òun a máa fa omi sínú, a sì máa sẹ́ ewéko wínníwínní inú rẹ̀ bí ẹni ń sẹ́ ògì.

Olórí apẹran ibẹ̀ ni ìràwọ̀ òkun, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pisaster ochraceus. Apá márùn-ún ni ó ní, kò sì ní eyín. Bí ó bá fẹ́ jẹ mussel, a fi ẹsẹ̀ kéékèèké tí ó wà lábẹ́ apá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìkarahun náà, a fà á títí yóò fi là díẹ̀. Nígbà náà ni yóò ti ikùn ara rẹ̀ jáde láti ẹnu wọ inú ìkarahun, tí oúnjẹ yóò sì dà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ èyí yóò ṣe bí àlọ́ ni.

Ní 1963, Robert Paine, olùkọ́ ní Yunifásítì Washington, bẹ̀rẹ̀ sí fi irin yọ gbogbo ìràwọ̀ òkun kúrò lára apá kan àpáta náà, tí gígùn rẹ̀ tó mítà 8, tí gíga rẹ̀ sì tó mítà 2. Ó fi apá mìíràn sílẹ̀ bí ó ti wà, kí ó lè fi wọ́n wéra. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ dúró níhìn-ín kí ẹ bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ yóò ní gbogbo àwọn tí ìràwọ̀ òkun ń jẹ ni yóò máa pọ̀ sí i.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Barnacle ni ó kọ́kọ́ gba àyè, lẹ́yìn náà ni mussel dé, ó sì bò ó mọ́lẹ̀. Koríko òkun kò rí ibi dì mú. Àwọn ìgbín tí ń jẹ ẹ́ ṣí lọ. Irú ẹ̀dá 15 ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú ìwádìí tí Paine tẹ̀ jáde ní 1966, 8 péré ni ó kù. Ẹ kíyè sí i pé mussel kò jẹ koríko, kò sì jẹ ìgbín. Àyè ni ó gbà lọ́wọ́ wọn. Jíjẹ tí ìràwọ̀ òkun ń jẹ mussel ni ó ti ń dá àyè náà sí fún wọn.

Ní 1969 Paine yá orúkọ fún irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn mọlémọlé: ó fi í wé òkúta àárín tí í wà ní góńgó ẹnu ọ̀nà tí a fi òkúta kọ́ ní títẹ̀ bí ọrun. Bí a bá yọ ọ́, ìyókù a wó.

Láti 2013 ni àrùn kan ti ń pa ìràwọ̀ òkun ní etíkun náà, láti Alaska títí dé Mexico. Apá wọn a já, ara wọn a sì yọ́. Ìyà náà pọ̀ jù lórí irú ńlá kan tí apá rẹ̀ lè tó 20. Òun ni í jẹ àwọn ẹ̀dá roboto ẹlẹ́gùn-ún tí í jẹ igbó koríko abẹ́ òkun. Nígbà tí ó kú tán, tí omi òkun sì tún móoru, àwọn ẹlẹ́gùn-ún jẹ igbó náà run ní ọ̀pọ̀ ibi ní àríwá California. Ní 2025 ni àwọn onímọ̀ kéde pé kòkòrò àìfojúrí kan, Vibrio pectenicida, ni ó fa àrùn náà. Yunifásítì tí Paine ti ṣiṣẹ́ sì ti ń sin irú ńlá náà nínú ọpọ́n omi ní Friday Harbor láti 2019.