Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Igi Sáwáró

Ẹ̀yin ọmọ, ǹjẹ́ ẹ ti rí igi tí kò ní ewé rí, tí ẹ̀gún bo ara rẹ̀ láti ìdí dé orí, síbẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń jẹ èso rẹ̀? Sáwáró ni orúkọ irú igi bẹ́ẹ̀. Aṣálẹ̀ Sonora ni ó ń hù sí, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà àti ní àríwá Mẹ́síkò.

Òjò kì í sábà rọ̀ ní aṣálẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá rọ̀, sáwáró a fa omi pamọ́ sínú ara rẹ̀. Ara rẹ̀ dà bí aṣọ tí a ṣẹ́ léra. Bí ó bá mu omi yó, a tú, a sì wú.

Igi yìí kì í tètè dàgbà rárá. Bí ó bá pé ọdún 8, ó lè má gùn ju àtàǹpàkò yín lọ. Ó máa ń tó ọdún 50 sí 75 kí ó tó yọ apá. Ó lè ga ju mítà 12 lọ, kí ó sì lò ju ọdún 150 láyé. Ẹ ò rí i pé igi tí ọmọdé ń jẹ èso rẹ̀ lónìí lè ti wà kí a tó bí baba ńlá rẹ̀!

Òru ni òdòdó rẹ̀ funfun máa ń là. Àdán, oyin àti àdàbà ni ó ń wá mu omi dídùn inú rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà, èso rẹ̀ a pọ́n. Àwọn ènìyàn Tohono O'odham, tí wọ́n ni ilẹ̀ náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, a fi ọ̀pá gígùn já a, gẹ́gẹ́ bí a ti ń já ìbẹ́pẹ. Egungun sáwáró tí ó ti kú ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá náà. Wọ́n á gbé èèpo èso sílẹ̀, kí inú rẹ̀ pupa kọjú sí ọ̀run, láti fi tọrọ òjò. Wọ́n ń se èso náà títí yóò fi ki bí oyin. Kóró rẹ̀ dúdú, ó sì kéré. Ó lè tó 2,000 nínú èso kan. Wọ́n ń lọ̀ ọ́ jẹ.

Ní ọdún 2023, ooru ọ̀sán dé ìwọ̀n 43 ní ìlú Phoenix fún ọjọ́ 31 léraléra. Apá àwọn sáwáró kan já, àwọn mìíràn wó lulẹ̀. Bí a bá gbin òmíràn rọ́pò lónìí, ẹ̀yin yóò ti darúgbó kí ó tó yọ apá.

Ìbéèrè
1. Kí ni sáwáró ń ṣe nígbà tí òjò bá rọ̀?
2. Kí ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá tí wọ́n fi ń já èso náà?
3. Dárúkọ igi kan ní àdúgbò yín tí ó dàgbà ju àwọn òbí yín lọ. Ta ni ó gbìn ín?