Ẹ̀kọ́ 9: Kí Ni Gbígbọ̀n Náà Ń Tẹ̀ Lé?

Gbogbo yín lẹ mọ Hilux. Àwọn mìíràn nínú yín ti sùn sábẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá yín. Ẹ mọ pùròpẹ́là, irin gbọọrọ tó ń gbé agbára láti ibi jíàbọ́ọ̀sì lọ fún ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹ mọ̀ pé méjì ni fóówíìlì ní: ọ̀kan lọ sẹ́yìn, ọ̀kan lọ síwájú. A ò ní dúró lórí ìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ kọ́ lónìí. Òun ni àwọn kíláàsì tó ṣáájú yín máa ń ṣì mú, nítorí náà ẹ jẹ́ ká rọra kà á. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n, kí a tó tú bóòtù kankan, ká kọ́kọ́ mọ ohun tí gbígbọ̀n náà ń tẹ̀ lé. Ṣé eré ọkọ̀ ló ń tẹ̀ lé, àbí eré ẹ́ńjìnnì?

Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Eré ọkọ̀ ni, àbí eré ẹ́ńjìnnì?

Méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Eré ọkọ̀ ni bí ọkọ̀ ṣe ń sáré lójú ọ̀nà. Aago tó ní 60, 80, 100 ló ń fi í hàn. Eré ẹ́ńjìnnì ni bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí; aago tó ní 1, 2, 3, 4 ló ń fi í hàn, etí yín náà sì ń gbọ́ ọ. Bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, ẹ lè tẹná kí ẹ́ńjìnnì máa ké gan-an. Eré ẹ́ńjìnnì pọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò sáré rárá.

Ẹ wa ọkọ̀ náà lọ sójú ọ̀nà tó gún, tó dán, tí ọkọ̀ kò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ wo iye tí gbígbọ̀n náà ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní 80 ni, jíà 5 lẹ sì wà. Ẹ fa jíà sí 4, kí ẹ sì wà lórí 80 náà. Ẹ́ńjìnnì á ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé gbígbọ̀n náà yí padà? Bí kò bá yí padà, tó ṣì wà ní 80 bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, eré ọkọ̀ ló ń tẹ̀ lé. Bó bá kúrò ní 80, tí ẹ wá bá a ní bíi 70 lórí jíà 4, eré ẹ́ńjìnnì ló ń tẹ̀ lé. Ẹ lọ wo ẹ́ńjìnnì síìtì àti kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi pùròpẹ́là sílẹ̀.

Bí ó bá tún rú yín lójú, ẹ bọ́ jíà sí N lórí eré náà, kí ọkọ̀ máa fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì o! Bí ẹ bá pa á, sítíárìn á wúwo, bíréèkì á sì le. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti rọlẹ̀, tí ọkọ̀ ṣì ń gbọ̀n, kí ló ń tẹ̀ lé? Eré ọkọ̀.

Kí ló fà á tí àwọn ènìyàn fi ń ṣì í mú? Nínú ọ̀pọ̀ jíàbọ́ọ̀sì oníjíà 5, orí jíà 4 ni ẹ́ńjìnnì àti pùròpẹ́là ti ń yí ní iye kan náà. Ẹni tó bá wà lórí jíà 4 nìkan kò lè mọ èyí tó ń gbọ̀n nínú àwọn méjèèjì. Ìdí nìyí tí a fi ń pààrọ̀ jíà, tí a kò sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ eré ọkọ̀.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí owó. Ẹni tí kò bá ṣe ìdánwò yìí á ní kí ọlọ́kọ̀ ra ẹ́ńjìnnì síìtì. Ọkọ̀ á ṣì máa gbọ̀n. Á ní kó ra táyà. Ọkọ̀ á ṣì máa gbọ̀n. Owó oníṣòwò ni, owó iléèwé ọmọ ni. Kò tọ́ kí a máa fi owó olówó dán ọ̀rọ̀ wò nígbà tí ìrìn díẹ̀ lójú ọ̀nà lè sọ òtítọ́ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó dáa. Ká ní eré ọkọ̀ ló ń tẹ̀ lé. Táyà ń tẹ̀ lé eré ọkọ̀, pùròpẹ́là náà ń tẹ̀ lé e. Báwo la ṣe máa yà wọ́n sọ́tọ̀? Pùròpẹ́là ń yí ju táyà lọ. Bí difrẹ́ńṣà bá jẹ́ 4 sí 1, pùròpẹ́là á yí ní ìgbà 4 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Lórí 80, táyà Hilux ń yí bíi ìgbà 9 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Pùròpẹ́là ń yí bíi ìgbà 36. Nítorí náà gbígbọ̀n táyà máa ń lọ́ra: ẹ lè rí i tí sítíárìn ń mì jìgìjìgì. Ti pùròpẹ́là máa ń yára, ó ń kùn bí oyin lábẹ́ àga àti lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Bó bá jẹ́ ti táyà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà tó ní ẹ̀rọ bálánsì.

Bó bá jẹ́ ti pùròpẹ́là, èwo nínú méjèèjì? Àwọn awakọ̀ á ní, “Mi ò fi sí fóówíìlì, ti iwájú kò yí.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí họ́ọ̀bù iwájú bá wà ní lọ́ọ̀kì, ẹsẹ̀ iwájú ló ń yí pùròpẹ́là iwájú, bí ẹ tilẹ̀ fi lífà sí 2H. Ẹ tú họ́ọ̀bù méjèèjì sí fírì, kí ẹ tún wa ọkọ̀ náà ní 80. Bí gbígbọ̀n bá lọ, iwájú ni. Ọkọ̀ tí kò bá ní irú họ́ọ̀bù yìí, ẹ tú pùròpẹ́là iwájú kúrò, kí ẹ wà á lórí 2H. Prado tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn nígbà gbogbo yàtọ̀: ẹ gbọ́dọ̀ lọ́ọ̀kì difrẹ́ńṣà àárín rẹ̀ kó tó lè rìn lórí pùròpẹ́là kan.

Kí ẹ tó tú pùròpẹ́là, ẹ fi igi tàbí òkúta dí ẹsẹ̀ ọkọ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ipasẹ̀ pùròpẹ́là ni P fi ń di ọkọ̀ ọtomátíìkì mú. Bí ẹ bá tú u, ọkọ̀ lè yí lọ bá ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí ẹ rán lọ sábẹ́ ọkọ̀, ọmọ ẹnìkan ni.

Kí ẹ tó tú u náà, ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà sórí rẹ̀: níbi tí bóòtù ti dè é, àti níbi tí irin méjì ti wọnú ara wọn. Bí ẹ bá dá a padà ní ibi tó yàtọ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa dá gbígbọ̀n tuntun sílẹ̀. Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n, torí àwọn Land Cruiser kan wà tí orí méjèèjì pùròpẹ́là iwájú wọn kò dọ́gba láti ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n.

Tó bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ yí kúrọ́ọ̀sì rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Tó bá há, tàbí tó ń mì, tàbí tí ìpẹtà pupa wà létí bíárìn rẹ̀, ó ti kú. Ẹ wo rọ́bà sẹ́ńtà bíárìn. Ẹ wá ibi tí òkúta ti tẹ irin náà, àti ibi tí irin bálánsì kékeré ti já kúrò. Ẹ ha ẹrẹ̀ gbígbẹ ara rẹ̀ dànù. Ẹrẹ̀ nìkan tó láti mú un gbọ̀n.

Ẹ dáhùn sínú ìwé yín: Hilux kan ń gbọ̀n ní 90 lórí jíà 5. Lórí jíà 4, ó ṣì ń gbọ̀n ní 90. Sítíárìn kò mì, abẹ́ àga ló ń kùn. Ó ń tẹ̀ lé kí ni? Kí lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò? Kí lẹ kò ní sọ fún ọlọ́kọ̀ pé kó lọ rà?