Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN ỌMỌ ẸGBẸ́: Àpótí Tí Ń Sọ Ọmọ Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Kan Di Púpọ̀

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó ní oko kòkó ni ó máa ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ agbagbà sí i, kí ó lè ṣíji bo kòkó kékeré, kí owó díẹ̀ sì lè máa wọlé kí kòkó tó so. Àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé agbagbà nìkan ni wọ́n ń ṣe. Ìṣòro kan náà ni ó ń bá gbogbo wọn nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé: ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í tó.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò sí i. Bí a bá gbin agbagbà ní mítà 3 sí mítà 2, hẹ́kítà kan yóò gba ọmọ 1,667. Ìdí agbagbà kan nínú oko kì í fún wa ju ọmọ díẹ̀ lọ láàárín ọdún kan, òun náà sì nílò díẹ̀ nínú wọn láti rọ́pò ara rẹ̀. Nítorí náà ni ẹni tí ó fẹ́ fẹ oko rẹ̀ lójú fi ń lọ ra ọmọ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀, láti inú oko tí kò fojú rí. Ó sanwó ọmọ, ó sanwó ọkọ̀, ó sì tún fi owó ara rẹ̀ ra kòkòrò wá sínú oko rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí ọmọ ẹgbẹ́ lè fi sọ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan di mẹ́wàá, di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú àpótí tí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Ní ilé ìwádìí CARBAP ní Njombé, ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ni Moïse Kwa ti ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀, tí ó sì kọ ọ́ jáde ní 2003. Àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí IITA, tí olú rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, náà ti kọ́ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní irú iṣẹ́ yìí. Kò gba iná mànàmáná, kò sì gba oògùn olówó iyebíye.

Kí a tó mú òòlù, ó yẹ kí a mọ ìdí tí ó fi ń ṣiṣẹ́. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ń rí lókè kì í ṣe igi gan-an. Èèpo ìdí ewé ni, tí wọ́n wé mọ́ ara wọn. Igi rẹ̀ gan-an ni kókó tí ó wà nínú ilẹ̀, tí ó dà bí iṣu. Ní ìdí èèpo kọ̀ọ̀kan ni ojú kan wà lára kókó yìí, gẹ́gẹ́ bí ojú ti wà lára iṣu, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni kì í hù. Ọ̀mùnú tí ó wà ní àárín gbùngbùn ni kò jẹ́ kí wọ́n hù. Ó dà bí baálé kan tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn lanu sọ̀rọ̀ nínú agbo ilé. Ọjọ́ tí a bá pa ọ̀mùnú náà, tí a sì fi kókó sí ibi tí ó móoru tí omi kò sì gbẹ níbẹ̀, gbogbo ojú tí ó ti ń sùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jí. Ibi móoru yìí ni àpótí wa.

Àpótí tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tí ó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tó fún àgbẹ̀ kan. Kí ó má fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀. Kan pákó yí i ká, kí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1. Tẹ́ ọ̀rá sí ìsàlẹ̀ kí erùpẹ̀ ilẹ̀ má bàa kan ohun tí a ó kó sínú rẹ̀, kí o sì lu ihò kéékèèké sí ọ̀rá náà kí omi tí ó bá pọ̀ jù lè ṣàn lọ. Lẹ́yìn èyí, ri òpó pákó tàbí ọparun mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín, kí wọ́n ga ní ẹsẹ̀ bàtà 3 sókè, kí o so ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ wọn lórí bí òrùlé, kí o sì fi ọ̀rá tí ó mọ́ gaara bo gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ni a ó fi sílẹ̀ láìkàn pa, kí a lè máa ká ọ̀rá rẹ̀ sókè nígbà tí a bá fẹ́ bomi rin ín. Ẹ wo ọ̀rá náà dáadáa kí ẹ tó rà á: ihò kan ṣoṣo tí ó tó ọwọ́ ọmọdé yóò jẹ́ kí gbogbo ooru jáde.

Abẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ tàbí abẹ́ igi ńlá ni a ó gbé àpótí náà sí. Bí oòrùn bá ń pa á tààrà, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò sè bí ọ̀lẹ̀lẹ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ lo yàrá òfo, kò burú, bí fèrèsé ńlá bá wà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé dáadáa. Ọmọ tí ó bá hù nínú òkùnkùn a máa gùn tẹ́ẹ́rẹ́, a sì máa funfun bí èèhù iṣu tí a gbàgbé sínú àká.

Lẹ́búlẹ́bú pákó tí ayùn gé sílẹ̀ ni a ó kó kún inú rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń la igi gẹdú, a lè rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó táṣẹ́rẹ́. Kí ó má ṣe jẹ́ láti ara pákó tí wọ́n ti fi oògùn kòkòrò pa. Da omi díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àgbá onírin, gbé nǹkan sí i tí kò ní jẹ́ kí lẹ́búlẹ́bú kan omi, kó lẹ́búlẹ́bú sórí rẹ̀, bò ó, kí o sì dáná sí i. Nígbà tí ooru bá ti ń jáde lókè, jẹ́ kí ó máa jáde bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan ó kéré jù. Nígbà tí ó bá tutù tán ni a ó kó o sínú àpótí.

Gbogbo èyí tí a ti sọ, káfíńtà lè ṣe é ní ọjọ́ kan. Iṣẹ́ gan-an wà níbi yíyan ìyá. Àpótí yìí kò mọ rere yàtọ̀ sí búburú. Ohun tí o bá fi sínú rẹ̀ ni yóò sọ di púpọ̀ fún ọ.

Àrùn kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ń pè ní “bunchy top”. Wọ́n rí i ní orílẹ̀-èdè Benin ní 2011, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi rí i ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní ìhà ààlà Benin. Bí àrùn yìí bá mú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé tuntun rẹ̀ a máa kéré sí i, a máa nàró ṣánṣán, wọn a sì dì pọ̀ sí orí bí ìgbálẹ̀. Etí ewé a máa pọ́n bí ẹni pé ó ń gbẹ. Bí ẹ bá wo ọrùn ewé láti ẹ̀yìn, ẹ ó rí ilà wẹ́wẹ́ àti àmì tótòtó tí ó ní àwọ̀ ewé dúdú. Ìdí tí ó bá mú kì í sábà so mọ́. Kòkòrò kékeré kan tí ó dúdú bí iná orí, tí ó máa ń sá sí abẹ́ èèpo, ni ó ń gbé e láti ìdí kan dé òmíràn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn tí ń gbé ọmọ láti oko dé oko ni ó ń gbé e rin ìrìn-àjò jíjìn.

Omi híhó kò lè wò ó, oògùn kan kò sì sí fún un. Bí kókó kan tí ó ní in bá wọ àpótí, ọmọ 15 tí ó ní àrùn ni yóò jáde, bí a bá sì pín wọn fún ọmọ ẹgbẹ́ márùn-ún, oko márùn-ún ni a ti bàjẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì lè ti ní in lára kí àmì rẹ̀ tó hàn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń sọ pé kí a wo gbogbo oko, kì í ṣe ìdí kan. Bí ìdí kan ṣoṣo bá ní àmì yìí nínú oko kan, ẹ má ṣe mú ọmọ kankan níbẹ̀, ẹ sì pe òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kí ó wá wò ó. Oko tí ó mọ́, tí ẹ ti rí i tí ìyá so dáadáa níbẹ̀ rí, ni kí ẹ ti wú ọmọ. Ọmọ tí ewé rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí idà ni kí ẹ mú. Èyí tí ewé rẹ̀ fẹ̀ láti kékeré kì í ní kókó tí ó lágbára.

Bí ẹ bá ti wú u, ẹ gé gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì bó ara kókó títí yóò fi funfun láìní àbàwọ́n. Àwọn àgbà wí pé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ohun à ń pọ́n àdá sí, ṣùgbọ́n níhìn-ín ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ mú, kí ó sì mọ́. Bí ẹ bá rí ihò dúdú nínú kókó, ọmọ kòkòrò tí ń jẹ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó gbẹ́ ẹ. Bí ihò náà bá wọlé jìn, ẹ ju kókó náà nù. Àmì pupa tàbí aláwọ̀ ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kókó jẹ́ iṣẹ́ aràn inú ilẹ̀ tí ojú kò lè rí, èyí tí ń jẹ gbòǹgbò títí agbagbà tí ó ti yọ èso yóò fi wó lulẹ̀ nígbà tí ìjì bá jà. Ẹ gbé kókó tí a ti bó sínú omi tí ń hó fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sì yọ ọ́ kíá. Ìṣẹ́jú àáyá 30 ni a wí. Ẹni tí ó bá fi í sílẹ̀ lọ gba ìpè yóò bá a ní sísè.

Nígbà tí ó bá tutù, ẹ bó èèpo rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ìta wọlé, kí ẹ gé e sókè díẹ̀ ju ibi tí ó ti so mọ́ kókó lọ, kí ẹ má bàa ge ojú tí ó wà ní ìdí rẹ̀. Nígbà tí ó bá ku ọ̀mùnú àárín, ẹ gé e lulẹ̀, kí ẹ sì fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fa àgbélébùú sí i kí ó lè kú pátápátá. Ẹ fi í sí ibòji fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ojú ọgbẹ́ gbẹ, kí ẹ tó tò ó sínú àpótí.

Bí a bá fi ínǹṣì 10 sí àárín kókó kan àti èkejì, ìlà mẹ́rin tí ó ní 12 lọ́kọ̀ọ̀kan yóò wọ inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹ fi lẹ́búlẹ́bú bò wọ́n ní nǹkan bí ínǹṣì 1, ẹ bomi rin ín, kí ẹ sì pa ọ̀rá dé. Ìgbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi tó, ẹ bu lẹ́búlẹ́bú sọ́wọ́ kí ẹ fún un: kí ó dì pọ̀, ṣùgbọ́n kí omi má ro jáde. Bí ìrì bá wà lára ọ̀rá láti inú, ẹ fi í sílẹ̀. Ṣíṣí i wò ní wákàtí wákàtí kò ní mú un yára.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èèhù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ẹni tí ó bá ní sùúrù lè gé àkọ́hù wọ̀nyí nígbà tí ìdí wọn bá nípọn tó àtàǹpàkò, kí ó sì fa àgbélébùú sí wọn gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe fún ìyá, èyí yóò sì tún mú ọ̀pọ̀ jáde sí i. Ọmọ tí ó bá ní ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí gbòǹgbò sì wà lára rẹ̀, ni a ó fi ọ̀bẹ yọ, tí a ó sì gbìn sínú àpò ọ̀rá tí ó ní erùpẹ̀ dúdú tí a ti fi ooru pa kòkòrò rẹ̀. Yóò wà ní abẹ́ ibòji fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ó gbẹ̀yìn, kí a máa dín ibòji náà kù díẹ̀díẹ̀.

Kókó kan lè mú ju 15 jáde, òmíràn kò sì ní tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n 15 ni kí a fi ṣírò. Àpótí kan yóò fún wa ní 720. Àpótí mẹ́ta yóò fún wa ní 2,160, èyí tí yóò tó hẹ́kítà kan, tí yóò sì ṣẹ́kù fún èyí tí ó bá kú. Ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta tí ó ní àpótí kọ̀ọ̀kan lè kọ́kọ́ pawọ́ pọ̀ ṣe oko ẹnìkan, kí wọ́n sì yí i ká bí àáró. Ohun kan tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré ni ìwé. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ọjọ́ tí a to kókó, orúkọ oko tí ìyá ti wá, àti ẹni tí ó gba ọmọ, kí a sì fi àmì oko náà sára àpò kọ̀ọ̀kan. Bí àrùn bá jáde ní oko kan lọ́la, ìwé yìí ni a ó fi mọ oko mìíràn tí a gbọ́dọ̀ sáré lọ wò. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ta ọmọ fún ẹnikẹ́ni.

Nǹkan bí oṣù mẹ́ta nínú àpótí àti oṣù méjì nínú àpò jẹ́ oṣù márùn-ún. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìn ní oṣù kẹrin ọdún, nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, gbọ́dọ̀ to kókó rẹ̀ ní oṣù kọkànlá. Èyí túmọ̀ sí pé ní oṣù kẹwàá ni kí a ti kan àpótí, kí a sì ti rìn káàkiri oko láti yan ìyá, nígbà tí ewé ṣì tutù tí a lè rí àmì àrùn lára wọn kedere.