Kí ló dé tí igẹ̀ màlúù kì í tètè rọ̀?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ra igẹ̀ màlúù kílò 1 ní Ṣómólú, mo gbé e kaná nílé wa ní Bàrígà. Wákàtí kan kọjá, ẹran ṣì le bíi bàtà. Mo yí iná gáàsì sókè pátápátá, kò yí nǹkan kan padà. Màmá tá a jọ ń lo kíṣíìnì wá ní: "Ọmọ mi, ju paracetamol méjì sí i. Kíá ló máa rọ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é o.

Màlúù kò ní egungun tó dábùú láti èjìká wá sí àyà bíi tiwa. Iṣan àyà wà lára ohun tó ń gbé ìwúwo iwájú ara rẹ̀, bó bá dúró, bó bá ń rìn. Irú iṣan bẹ́ẹ̀ kún fún okùn tín-ín-rín tó lágbára, collagen lorúkọ ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹsẹ̀ màlúù ti mọ̀ ọ́n: bí collagen bá yọ́, gelatin ló ń dà. Òun ló ń lẹ̀ mọ́ ètè yín, òun ló ń mú kí omi ẹran dì bó bá tutù.

Ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò. Èyí àkọ́kọ́ yára: bí ooru bá ti dé 60 sí 70°C, ẹran á súnkì, á máa fún omi ara rẹ̀ jáde, á sì le. Èkejì kì í kánjú rárá. Ní nǹkan bíi 70°C lọ sókè ni collagen ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè gba wákàtí 3 tàbí 4. Àárín méjèèjì ni mo wà nígbà tí mo ń bínú yẹn: omi ti jáde, okùn ò tíì yọ́.

Iná ńlá wá ńkọ́? Omi tó ń hó nínú ìkòkò lásán ní Èkó, 100°C ló ń dúró sí. Ẹ yí iná dé òpin, omi á kàn máa gbẹ ni, owó gáàsì á máa lọ. Pressure pot ló lè gbé ooru dé bíi 120°C, ìdí tó fi ń yára nìyẹn. Denis Papin ló ṣe irú ẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1679, ó fi ń sè egungun. (Papain, èròjà inú ewé ìbẹ́pẹ tó ń mú ẹran rọ̀, kò bá a tan o.)

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní slow cooker, ìkòkò oníná mànàmáná tó ń fi ooru kékeré sè nǹkan fún bíi wákàtí 8. Iná wákàtí 8 tí ò já, ní Bàrígà? Ẹ jọ̀ọ́.

Kúlà ni mo lò. Mo se ẹran náà títí tó fi hó fún ìṣẹ́jú 20, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ìkòkò. Mo pa iná, mo dé e pa, mo fi aṣọ ìbora àtijọ́ wé e nípọn, mo gbé e sínú kúlà. Lẹ́yìn wákàtí 2, mo tún gbé e kaná, ó hó fún ìṣẹ́jú 10, mo tún wé e. Nígbà tó fi máa pé wákàtí 4, ṣíbí ń gé e. Ẹ má fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì o: bí ooru bá wálẹ̀ ju 60°C lọ, kòkòrò àìfojúrí á bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i.

Paracetamol yẹn ńkọ́? Híhó kì í lé e jáde, inú omi ẹran tẹ́ ẹ máa mu ló wà. NAFDAC ti kìlọ̀ pé ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́. Tábílẹ́ẹ̀tì 8 onímílígíráàmù 500 ni àgbàlagbà ò gbọ́dọ̀ kọjá láàárín wákàtí 24. Ẹni tó jẹun ní búkà, tí orí wá ń fọ́, báwo ló ṣe fẹ́ mọ iye tó ti jẹ mọ́ ẹran?

Mo bu díẹ̀ fún màmá. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ní, "Mélòó lo jù sí i?"