Ẹ Má Fi Ọmọ Pamọ́ Sórí Bẹ́ǹṣì

"Ìgbẹ̀yìn lalayò ń ta." Ta ni kò mọ̀ ọ́n n'Íbàdàn? Ti kóòṣì àwọn ọmọ Bẹyẹrúnkà ló wá pọ̀ jù. Nínú àṣekágbá mọ́ńkí pósìtì tí wọ́n gbá nísàlẹ̀ Mápó, ó fi ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù jù sórí bẹ́ǹṣì, ó ní ìgbẹ̀yìn lòun fẹ́ lò ó. Gúgúrú lọmọ náà ń jẹ, kò tilẹ̀ so okùn bàtà. Nígbà tí wọ́n fi máa pè é, àwọn ọmọ Ọjà'ba ti gbá mẹ́ta wọlé. Kí ló tún kù tó fẹ́ ta?

Ó ká mi lára, torí mo mọ ẹni tó fi ìgbẹ̀yìn jẹun. Mariano Rivera, ọmọ apẹja ará Panama, ju bọ́ọ̀lù fún Yankees, kílọ́ọ̀bù béèsìbọ́ọ̀lù ti New York, láti 1995 dé 2013. Ìpele mẹ́sàn-án ni béèsìbọ́ọ̀lù. Ìkẹyìn ni wọ́n sábà ń pe Rivera sí, kó wá dáàbò bo ayò táwọn tó ṣáájú ti jẹ. Irú jíjù kan ló gbára lé jù, èyí tó ń yà bàrá nígbà tó bá kù díẹ̀ kó kan igi ẹni tó fẹ́ gbá a. Ìgbà 652 ló ṣe iṣẹ́ yìí yanjú. Kò sẹ́ni tó ṣe tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àmọ́ Rivera kì í jẹ gúgúrú. Kí wọ́n tó pè é wọlé, apá rẹ̀ ti gbóná. Báwọn tó ṣáájú bá sì ti ba eré jẹ́, wọn kì í sábà pè é rárá. Ibẹ̀ lòwe náà ti tàsé. Rivera gan-an, ìgbẹ̀yìn já a kulẹ̀ ní 2001, Arizona gba ife mọ́ ọn lọ́wọ́.

Shooting Stars, kílọ́ọ̀bù bọ́ọ̀lù tiwa, ńkọ́? Ní 1976, wọ́n na Tonnerre ti Yaoundé ní 4-1 n'Íbàdàn níbí, Tonnerre náà sì na wọ́n ní 1-0 lọ́hùn-ún. Síbẹ̀ ife wálé, ife Áfíríkà àkọ́kọ́ tí kílọ́ọ̀bù Nàìjíríà gbà. Ìbẹ̀rẹ̀ ló gbà á fún wa. Lóòótọ́, ní 1996, pẹ́náritì ni Zamalek fi gba ife mọ́ wa lọ́wọ́ ní Cairo. N ò ní òwe náà parọ́ tán.

Ẹ̀yin kóòṣì àdúgbò, ẹ fi ẹnì kan sílẹ̀ de ìgbẹ̀yìn, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbóná, tó sì mọ ohun tí ẹ fẹ́ kó wá ṣe. Èyí tó mọ bọ́ọ̀lù jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó bá wọn bẹ̀rẹ̀.